Àtọ̀gbẹ àti Èrìgì: Kí Ló Pa Wọ́n Pọ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láyé àtijọ́, tí òun náà ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún báyìí, ló béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ẹ káàsán, sà. Kí ni Yorùbá ń pe àìsàn èrìgì? Dókítà ní òun ló ń ṣe màmá wa, pé àtọ̀gbẹ tó wà lára wọn ló sì ń tì í lẹ́yìn. Màmá ò gbà. Wọ́n ní eyín àgbà ló ń mì, pé kí ni dókítà fẹ́ ṣe sí ọjọ́ orí?"

Ìbéèrè yìí ju ti orúkọ lọ. Bí a bá ṣe pe nǹkan ló máa ń sọ bóyá a ó gbé e lọ sílé ìwòsàn tàbí a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ orí. Ní Ìdànrè níbí, àgbàlagbà pọ̀ tí wọ́n ń lo oògùn ṣúgà láràárọ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ iyán àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹnu wọn wò rí. Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀rọ̀; n kì í ṣe dókítà. Ohun tí àwọn tó nímọ̀ ìṣègùn ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, ní èdè tí màmá yẹn máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ

Ẹ mú àtọ̀gbẹ. Bí ẹ bá pín in bí a ṣe máa ń pín ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ìpín mẹ́ta ló ní: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe tọ̀, àti ọ̀rọ̀-ìṣe gbẹ. Ẹni tó ní in ń tọ̀, ó ń tọ̀ títí ó fi gbẹ, ìyẹn ni pé títí ó fi rù. Orúkọ náà péye. Ó lé ní 1,700 ọdún tí Aretaeus, oníṣègùn Gíríìkì kan láti Kapadókíà, ti ṣàpèjúwe àìsàn kan náà bí ẹni pé ẹran ara ń yọ́ di ìtọ̀. Diabetes tí àwọn Gíríìkì pè é wá láti inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ohun tí omi ń gbà kọjá láìdúró. Àwọn oníṣègùn Íńdíà ayé àtijọ́ ti ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń ṣù bo ìtọ̀ náà, Thomas Willis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ó dùn bí oyin. Ibẹ̀ ni orúkọ wa kejì, ìtọ̀ ṣúgà, bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àtọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ nínú èdè wa, omi ara ọkùnrin sì ni. Ẹni tó bá wá pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì, àtọ̀ pẹ̀lú gbẹ, á rò pé àìsàn tó ń gbẹ omi ara ọkùnrin ni. Mo ti gbọ́ ìtumọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó kàwé. Ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin mìíràn ti ń sọ pé "tèmi ò lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkùnrin nìyẹn." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkùnrin ń ní in, obìnrin ń ní in, irú kan wà tó sì máa ń mú ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èrìgì. Ẹnu ò kò lórí èyí. Lẹ́nu àwọn kan, èrìgì ni ẹran pupa tó yí ìdí eyín ká. Lẹ́nu àwọn mìíràn, eyín ńláńlá tó wà lẹ́yìn ni. Ẹran yẹn ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀: "eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀," "eyín mi ń mì," "eyín ń dùn mí." Nínú gbogbo rẹ̀, eyín ni olùwà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èrìgì ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Eyín tó ń mì lè má ní ihò kankan lára. Ilẹ̀ tó dúró lé ló ń ṣí lọ. Òpó là ń bú, ilẹ̀ ló ti jẹrà. Nítorí pé gbólóhùn wa kì í dárúkọ èrìgì, ọwọ́ wa kì í tọ́ka sí i nígbà tí a bá dé iwájú dókítà.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè orúkọ nìyí: àìsàn èrìgì tó, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ kó yé àgbàlagbà dáadáa, ẹ sọ pé "ìdí eyín yín ló ń jẹrà." Ẹ fi kún un pé: "ó sì ṣeé dá dúró."

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí a bá fọnu tán tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu á tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní sára eyín. Wọn á di ìdọ̀tí rírọ̀ tó ń yọ̀, pàápàá ní ìlà tí eyín àti èrìgì ti pàdé. Bí a ò bá gbá a kúrò, èròjà inú itọ́ á sọ ọ́ di líle bí òkúta. Bó bá ti le tán, bọ́rọ́ọ̀ṣì ò ká a mọ́, orín ò ká a mọ́; irin dókítà eyín ló kù tó lè hó o.

Ní 1965, Harald Löe, dókítà eyín ọmọ Norway tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Aarhus ní Denmark, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí ọmọdé pàápàá lè lóye. Wọ́n ní kí ènìyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá má fọnu mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti pọ́n, ó ti wú. Wọ́n ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọnu dáadáa. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti san. Ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà a ò lè sọ pé ọjọ́ orí ni. Kò sì sí ayé tó ń ṣe wọ́n. Ìdọ̀tí ló fà á, ìmọ́tótó ló wò ó.

Ìpele kìíní nìyẹn, èrìgì wíwú, ó sì ṣeé wò tán pátápátá. Bí a bá fi í sílẹ̀, èrìgì á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára eyín, àlàfo tó dà bí àpò á wà láàárín wọn, ìdọ̀tí á sì rí ibi sá pamọ́ sí tí bọ́rọ́ọ̀ṣì ò dé. Egungun àgbọ̀n tó gbá eyín mú á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Egungun tó bá ti lọ kì í sábà padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ìgbà tí ìrókò kò tíì dàgbà là ń gé e.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tó wà nínú àìsàn yìí ni pé kì í tètè dunni. Àmì ni ẹ óò máa wò: ẹ̀jẹ̀ lára bọ́rọ́ọ̀ṣì tàbí orín, èrìgì tó pọ́n tó ń dán, ẹnu tó ń rùn lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́, eyín tó dà bíi pé ó gùn sí i, àlàfo tí kò sí tẹ́lẹ̀, ọyún ní ìdí eyín, àti eyín tó ń mì. Ẹni tó bá dúró de ìrora, ó ti pẹ́ jù.

Ibi tí ṣúgà ti wọlé

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ tó kan ẹnu. Òpójẹ̀ tín-ín-rín tó ń gbé oúnjẹ lọ sí èrìgì á bàjẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ọmọ ogun ara, á máa lọ́ra láti bá kòkòrò jà. Ṣúgà á lẹ̀ mọ́ àwọn èròjà ara, títí kan èyí tí èrìgì fi le. Èyí á mú kí ara máa gbóná sódì níbẹ̀, egbò ò sì ní tètè jiná. Ìkẹrin, ẹnu á máa gbẹ, itọ́ tó yẹ kó máa ṣan ẹnu ò ní tó. Nítorí náà, ìdọ̀tí tí ì bá mú kí èrìgì ẹlòmíràn wú díẹ̀, á jẹ egungun alátọ̀gbẹ.

Ìwádìí láàárín àwọn Pima, ọmọ onílẹ̀ ní Arizona ní Amẹ́ríkà tí àtọ̀gbẹ pọ̀ gan-an láàárín wọn, fi hàn pé ewu àìsàn èrìgì fún alátọ̀gbẹ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹni tí kò ní in. Ní 1993, Löe tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kọ ọ́ pé kí a ka àìsàn èrìgì sí ìyọnu kẹfà tí àtọ̀gbẹ ń bí. Márùn-ún àkọ́kọ́ la mọ̀ jù: ti ojú, ti kíndìnrín, ti iṣan ìmọ̀lára, ti òpójẹ̀ ńlá, àti egbò tí kì í jiná. Ẹ kíyè sí i pé alátọ̀gbẹ tó bá ń ṣàkóso ṣúgà rẹ̀ dáadáa kò sí nínú ewu tó bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ nìkan kọ́ ló ń tu eyín; ṣúgà tí a ò kó níjàánu ni.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Èrìgì tó ń jẹrà náà ń ti ṣúgà sókè. Ẹ rò ó wò: bí a bá kó gbogbo ojú egbò tó wà nínú àwọn àpò ìdí eyín jọ sójú kan, kì í ṣe egbò kékeré. Ta ló máa ní irú ẹ̀ lẹ́sẹ̀ tí kò ní gba ilé ìwòsàn lọ? Nítorí pé inú ẹnu ló wà, a ò rí i. Láti inú egbò yẹn, kòkòrò àti àwọn èròjà tí ara ń tú jáde láti bá wọn jà ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń mú kí ara máa ṣe etí ikún sí ínsúlínì, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà á gòkè, èrìgì á bàjẹ́ sí i, ṣúgà á tún gòkè. Àwọn méjèèjì ń fọwọ́ wẹ ọwọ́.

Ṣé a lè já okùn yẹn? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ṣúgà sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn; nítorí náà àyẹ̀wò yìí ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti òwúrọ̀ yìí nìkan. Ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì kó tó lọ rí dókítà kò lè tàn án jẹ. Ní 2022, àjọ Cochrane kó ìwádìí 35 jọ lórí alátọ̀gbẹ tó ní àìsàn èrìgì. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n ti tọ́jú èrìgì, HbA1c fi nǹkan bí 0.43 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ó sì jẹ́ 0.30 ní oṣù kẹfà. Ẹni tó wà ní 8.5 lè bọ́ sí nǹkan bí 8.1. Ó lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ohun tí dókítà ń wá nígbà tó bá fi oògùn mìíràn kún èyí tí aláìsàn ń lò tẹ́lẹ̀.

Kí n sọ tòótọ́ délẹ̀: gbogbo ìwádìí kọ́ ló gbè é lẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013, lórí ènìyàn 514, kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú ṣúgà wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn fèsì pé ẹnu àwọn ènìyàn náà kò mọ́ tó lẹ́yìn ìtọ́jú. Nígbà tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ibi tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí ni pé ó ń ṣèrànwọ́. Ìtọ́jú èrìgì ò rọ́pò oògùn ṣúgà o. Ó ń tì í lẹ́yìn ni. Bí kò bá tilẹ̀ fa ṣúgà wálẹ̀ rárá, ó ń pa eyín mọ́, ẹni tó sì léyìn lè jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, dípò kó máa gbé ẹ̀kọ àti búrẹ́dì rírọ̀ mì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbe, ọmọ Oǹdó, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó wo irú àwọn àìsàn báyìí káàkiri Nàìjíríà. Ìròyìn wọn ní 1997 sọ pé 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní àtọ̀gbẹ. Ní 2018, àwọn dókítà tó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ sọ pé ó ti di 5.77. Nínú ènìyàn 17 tó jókòó níbi ìnáwó kan, ẹ ka ẹnì kan mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Nígbà mìíràn, ẹnu ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí: ẹni tí kò tíì tó àádọ́ta ọdún tí eyín rẹ̀ ń mì, tí ìdí eyín rẹ̀ ń ṣọyún léraléra, tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, tàbí tí nǹkan funfun ń bo ahọ́n rẹ̀, ó yẹ kó yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Bí ṣúgà àárọ̀, kó tó jẹun, bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò kejì sì tì í lẹ́yìn, àtọ̀gbẹ ni.

Ìtọ́jú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ohun àkọ́kọ́ ni kí dókítà eyín mọ̀ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ, kí dókítà ṣúgà náà sì mọ̀ pé ẹ ń tọ́jú èrìgì. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, pẹ̀lú káàdì àyẹ̀wò tó kẹ́yìn. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tí ẹ sì ti lo oògùn yín bí ìṣe. Ẹ má gbààwẹ̀ lọ. Ẹni tó lo oògùn ṣúgà tí kò jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lórí àga dókítà: á máa làágùn, ara á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú. Ẹ fi ṣúgà tàbí ohun mímu dídùn sínú báàgì, bó bá sì ti ń ṣe yín, ẹ sọ̀rọ̀ kíá.

Lẹ́yìn náà ni wíwọ̀n. Dókítà á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àmì ìwọ̀n wọ ìdí eyín kọ̀ọ̀kan. Èrìgì tó dáa kì í jìn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Mẹ́rin sókè, àpò ti wà níbẹ̀. Wọ́n lè ya ẹ̀kísíréè láti mọ bí egungun ṣe kù tó.

Ìtọ́jú gan-an ni ohun tí wọ́n ń pè ní fífọ eyín. Ọ̀rọ̀ tún ń da ọ̀rọ̀ rú níbí. Dókítà á ní "ẹ wá fọ eyín," àgbàlagbà á ní "ojoojúmọ́ ni mò ń fọnu." Ohun méjì ni. Èyí tí dókítà ń wí ni pé kí wọ́n fi irin tàbí ẹ̀rọ hó ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín, kí wọ́n wọ abẹ́ èrìgì lọ, kí wọ́n sì kó èyí tó wà lára gbòǹgbò eyín. Bó bá jìn, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, wọ́n sì lè pín in sí ìgbà méjì sí mẹ́rin.

"Fífọ eyín ló ń jẹ́ kó mì." A ti gbọ́ ọ títí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìdọ̀tí líle ti di àlàfo tí egungun tó jẹ fi sílẹ̀, ó sì so eyín pọ̀ mọ́ra wọn bíi símẹ́ńtì. Nígbà tí wọ́n bá kó o kúrò, àlàfo náà á hàn, eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ á mì sí i fún ọjọ́ díẹ̀. Fífọ kọ́ ló gbẹ́ kòtò náà. Ó kàn ṣí ojú rẹ̀ ni. Bí ìwúlé èrìgì bá ti ń lọ, ọ̀pọ̀ irú eyín bẹ́ẹ̀ a tún dúró dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún wọn ọ́n. Àpò tó jìn tí kò bá pa dé lè gba iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fẹ́ kí ṣúgà ti wálẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyẹn, kí egbò lè jiná. Eyín tí egungun ò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n lè yọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, alátọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa padà lọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́fà-mẹ́fà, bí dókítà bá ṣe sọ. Bí oko kòkó ló rí: ẹni tó ro ó lẹ́ẹ̀kan tó lọ sílé, igbó á padà.

Oògùn agbógunti kòkòrò àrùn tí a ń rà ní kẹ́míìsì láìrí dókítà kò lè wo èyí. Oògùn náà ò lè hó òkúta kúrò lára eyín. Dókítà nìkan ló lè mọ ìgbà tó yẹ láti fi í kún ìtọ́jú. Ohun mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi nifedipine àti amlodipine sì lè mú kí èrìgì àwọn kan wú bo eyín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà kó bá yín wò ó bóyá á pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù sílé

Èdè wa gbọ́n níbì kan: a kì í sọ pé a fọ eyín láàárọ̀, fọnu là ń wí. Ẹnu ju eyín lọ. Èrìgì wà níbẹ̀, ahọ́n wà níbẹ̀. Àṣà wa sì dáa, pé kí ọmọlúàbí fọnu kó tó kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ nìkan ni àṣà yẹn mọ. Alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé itọ́ máa ń dín kù bí a bá ń sùn, kòkòrò á sì rí ààyè. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ẹ dojú irun bọ́rọ́ọ̀ṣì kọ ìlà tí èrìgì àti eyín ti pàdé, kí ẹ máa yí i jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ má sá fún ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ẹ ó béèrè nípa orín. N kò ní bú orín. Orín àta, pákò Ìjẹ̀bú, àyán, gbogbo wọn ló ní agbára tó ń dín kòkòrò kù. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 1971 lórí omi gbòǹgbò orín àta, pé ó ń ran sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé lọ́wọ́. Àtorí orín ni wọ́n ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rún lè fi orín fọnu kó mọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé iwájú ló ń sábà dé. Ẹ̀yìn àti inú lọ́hùn-ún, níbi tí àìsàn èrìgì fẹ́ràn, ó máa ń fò ó. Ẹ rún un títí irun rẹ̀ á fi rọ̀, ẹ má fi igi líle ha èrìgì, kí ẹ sì fi bọ́rọ́ọ̀ṣì pa á láṣẹ lálẹ́.

Àárín eyín ńkọ́? Ìtayín tí a ń lò lẹ́yìn ẹran kì í ṣe ìfọnu. Bí a bá ń tì í bọnú, ó ń gún èrìgì. Òwú tí wọ́n ń fà gba àárín eyín, tàbí bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń wọ àlàfo, ló dáa. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kó máa yọ ọ́ lálẹ́ kó sì fọ̀ ọ́. Sìgá àti áṣáà kò bá ìtọ́jú yìí rìn rárá. Sìgá tilẹ̀ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ èrìgì pamọ́, téèyàn á fi rò pé òun dáa.

Ohun tí kò yẹ kó dé ẹnu

Omi bátìrì, ẹtù ìbọn, kẹrosíìnì, ògógóró tí wọ́n ń fi sẹ́nu pẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Wọ́n ń jó ẹran èrìgì, egbò alátọ̀gbẹ kì í sì í tètè jiná. Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò léwu, ó ń tù ú lára, ṣùgbọ́n kò lè hó ìdọ̀tí líle. Kò sì sí kòkòrò gígùn kankan tí a lè fi èéfín fà jáde láti inú eyín. Ohun tí wọ́n ń fi hàn yín kò ti inú ẹnu yín wá.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ alátọ̀gbẹ tàbí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bá wú, tí ibà dé, tí ẹnu ò ṣeé là, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì tàbí tí mímí ń nira, ìyẹn ò dúró de ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lóru ọjọ́ yẹn. Àrùn tó bá gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ti pa ènìyàn rí, kíákíá ló sì máa ń ṣe é.

Ibi tí a lè lọ

Kò sí ìdí tí ará Ìdànrè á fi sọ pé ọ̀nà jìn. Àkúrẹ́ wà nítòsí. Oǹdó náà kò jìnnà, níbi tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà. Àwọn tó wà níta lè lọ sí UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí LUTH ní Èkó. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka eyín. Owó ni ìṣòro ọ̀pọ̀lọpọ̀, n kò fojú fo ìyẹn. Ẹ béèrè ohun tí ètò ìlera yín ń san, kí ẹ sì rántí pé fífọ eyín wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n yíyọ eyín mẹ́fà àti ríra àtọwọ́dá wọ́n jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń fowó oògùn ṣúgà ránṣẹ́ sílé, ẹ fi ìbéèrè kan kún èyí tí ẹ máa ń bi àwọn òbí yín. Lẹ́yìn "kí ni ṣúgà yín láàárọ̀ yìí?" ẹ béèrè pé "ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í yọ bí ẹ bá ń fọnu?" Ẹ má fi ìtìjú ẹnu rírùn dákẹ́, kí ẹ má sì gbà á bí wọ́n bá ní ọjọ́ orí ni. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bá wọn wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.